Ẹ Dá Àlá Chinatsu Padà Bó Ṣe Wà

Ilé Onígbàjámọ̀ Uozumi,
Ojúlé Kẹfà, Òpópónà Sakae,
Ìlú Kurayoshi,
Ìpínlẹ̀ Tottori.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Lórí Ètò,
Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Asagiri,
Tokyo.

Ẹ̀yin Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ APÁ KỌKÀNLÉLỌ́GBỌ̀N ÈTÒ "AKỌGUN OJÚ ÀLÁ" TÍ Ẹ YÍ PADÀ NÍTORÍ ARIWO ÀWỌN OLÙWÒRAN

Shigeno Uozumi ni orúkọ mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe ilé-iṣẹ́ yín lórí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì ti kọ̀wé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé fóònù ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Màmá, a ti gbọ́ yín o, a máa gbé e dé ẹ̀ka tó yẹ." Nígbà tí mo bi í pé ẹ̀ka wo nìyẹn, ó ní wọn kò gbà kí òun sọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e fún ẹ̀ka kankan.

N kì í ṣe ẹni tó mọ̀ nípa akọni orí tẹlifíṣọ̀n. Onígbàjámọ̀ ni mí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń gẹ irun, tí mo sì ń fá irùngbọ̀n ní ojúlé yìí. Ọmọ-ọmọ mi, Chinatsu, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nítorí pé ilé ìwòsàn kan ní Osaka ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wá. Chinatsu kò rán mi níṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo kọ ìwé náà tán, mo fún un kà. Ó ní kí n yọ ohun méjì kúrò, mo sì yọ wọ́n. Gbogbo èyí tó kù, ó mọ̀ sí i.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn mọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tó fà á, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n. Bó bá kí wọn, wọn a kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dé ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, ó bá tábìlì ìkàwé rẹ̀ níta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ ní eré ni wọ́n ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, èébì ni. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan ṣoṣo, léraléra: ó wọ kíláàsì, tábìlì rẹ̀ kò sí níbẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí i, ó pè wọ́n, ohùn kò jáde.

Ẹ̀yin lẹ béèrè àlá náà. Èmi kọ́. Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí Akọgun, akọni ètò yín, ti bá àlákálàá ti ọ̀sẹ̀ náà jà tán, ó yíjú sí àwọn ọmọ tó ń wò ó nílé, ó ní: "Fi àlá tó ń bà ọ́ lẹ́rù ránṣẹ́ sí mi. Màá wọ inú rẹ̀, màá sì bá ọ jà á." Chinatsu kọ tirẹ̀ sórí káàdì, ó yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò jáde nílé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní oṣù Kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Hatakeda tó ń ṣe kòkárí ètò náà pè wá. Ó ní nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì, mẹ́ta ni àwọn mú, ti Chinatsu sì wà nínú wọn. Mo fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹ lo orúkọ rẹ̀ nìkan, láìfi ìlú tàbí kíláàsì kún un. Ẹ̀dà ìwé náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ẹ gbé e jáde. Mo jókòó tì í. Akọgun wọ kíláàsì náà, ó yọ idà, ó ṣán an, idà kọjá lára àwọn ọmọ tó kọ ẹ̀yìn síni náà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣán èéfín. Kò sí ohun tó lè lù. Ó dúró. Ó ṣí akoto kúrò lórí, ohun tí Chinatsu ní kò ṣe rí. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé tábìlì, ó gbé e wọlé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin inú àlá náà. Ó ní, "Mo wà níbí. N kò ní í lọ títí wàá fi jí." Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yíjú padà. Ó parí.

N kò fẹ́ràn ètò yìí tẹ́lẹ̀; ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́jọ́ náà mo gbàgbé pé tíì mi ti tutù. Chinatsu kò sunkún. Ó bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ sìn mí dé ibi afárá, èmi á lọ fúnra mi." Yàrá nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló lọ jókòó sí títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ọmọ tí kò lè dé ibi bàtà láti oṣù Karùn-ún fi lọ sí ilé-ìwé láìfo ọjọ́ kan. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, mo sì ti fẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí yín.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹ gbé e jáde gan-an ni ariwo ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ayélujára. Mo ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀. "Akọgun wo ni kì í jagun?" "Mo jí ní kùtùkùtù nítorí idà tuntun tí wọ́n ti ń polówó, wọ́n gbé tábìlì hàn mí." "Ṣé ìpàdé àwọn òbí ni èyí ni?" Àwọn kan bú ẹni tó kọ ọ́. Àwọn kan bú ọmọ tó lá a. Wọ́n sì rí ọmọ náà bú nítorí pé nígbà tí ètò ń parí lọ, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n: "Àlá Chinatsu, kíláàsì karùn-ún, Kurayoshi." Ohun tí mo fọwọ́ sí kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń pe ilé-ìwé láti béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọmọ náà kò lọ́rẹ̀ẹ́.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo wọn ni mo kórìíra, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, láti kékeré ló ti ń gẹrun lọ́dọ̀ mi. Òrùka Akọgun kì í kúrò níka rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ wo ìranù tí wọ́n gbé jáde? Odindi Akọgun ló ń gbé tábìlì káàkiri bí alábàárù! Wọ́n ní ọmọ ìlú wa níbí ló lá àlá ọ̀hún. Ó bà á jẹ́ fún gbogbo Japan. Kí wọ́n bá mi fún un ní oògùn oorun, jàre!" Mo gbé abẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Tsukuda, ọmọ náà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn. Ọsàn ló ń jẹ."

Ìfófòó ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, èkejì ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dìde, ó dojú kọ aṣọ ìkélé, ó tẹrí ba títí tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Idà tuntun yẹn ni mo ṣáà fẹ́ rí." Chinatsu dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ: "Ẹ jẹ́ kí Màmá àgbà fá ìyókù fún yín." Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tún lọ sí ilé-ìwé.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé àwọn olùwòran ló fà á. Ariwo wọn kò dá a dúró. Ẹ̀yin lẹ dá a dúró. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan tó wọ kóòtù dúdú jáde, ó tẹrí ba, ó sì kà á pé ilé-iṣẹ́ yín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo olólùfẹ́ Akọgun nítorí àlá kan "tí kò bá ìrètí yín mu", ó ní àwọn yóò tún un ṣe. Chinatsu bi mí pé, "Ṣé àlá mi ni wọ́n ń tọrọ àforíjì fún?" Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wọ bàtà. Kò tíì wọ̀ ọ́ títí di òní.

Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda ti kọ̀wé sí yín pé kí ẹ yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó fọwọ́ sí i lórí ayélujára pé kí ẹ yí apá náà padà. Èsì tí ẹ fún un àti èyí tí ẹ fún mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti orí dé ẹsẹ̀: "Àwọn olùwòran ló ni ètò yìí." Òun ló tún fi ohun mìíràn hàn mí lórí ayélujára, tí ẹ̀yin náà ìbá rí ká ní ẹ wò ó. Nọ́ọ̀sì kan ní Akita kọ ọ́ pé òun wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú ọmọ òun tí kì í sọ̀rọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Ehime kọ ọ́ pé òun ti fẹ́ràn irú eré yìí láti ogójì ọdún, pé òun kò rí akọni tó nígboyà tó èyí rí. Irú wọn pọ̀. Ṣé àwọn yìí kì í ṣe olùwòran ni? Àbí ẹni tó bá pariwo nìkan lẹ ń kà?

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ẹ gbé èyí tí ẹ tún ṣe jáde, ẹ sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ níbi gbogbo. Nínú tuntun yìí, Akọgun kò ṣí akoto. Àwọn ọmọ tó kọ ẹ̀yìn síni di iwin elégbò lójú. Ó fi idà tuntun jó wọn, gbogbo kíláàsì gbiná, orúkọ ọmọ-ọmọ mi sì wà nísàlẹ̀ iná náà.

Mo ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ìjẹta ló mú mi gbé bírò. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Rikako lorúkọ mi. Kíláàsì kan náà lèmi àti Chinatsu." Ó tún ní, "Mo wà lára àwọn tó gbé tábìlì síta. Mo wo àlá yẹn nígbà àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé àwa ni. Mo ti fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ń bà mí. Àfi bí wọ́n ṣe gbé tuntun jáde tí wọ́n sun gbogbo wa níná. Mà, ṣé bí Chinatsu ṣe fẹ́ kí ó rí fún wa nìyẹn?"

Kí n tó lanu, aṣọ ìkélé ti ṣí. Chinatsu dúró níbẹ̀ tòun ti aṣọ ilé lára. Ó ní, "Rárá. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Rikako bú sẹ́kún. Chinatsu ní, "Má sunkún mọ́. N kò tíì dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní kí wọ́n sun ẹnikẹ́ni níná." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ nìyẹn láti oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin Alága, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe. Ọmọdé sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún yín nítorí pé ẹ ní kó sọ ọ́. Ẹ wọ inú àlá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì ṣe é dáadáa. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà pariwo lé yín lórí, ẹ̀rù bà yín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ̀rù ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ sá jáde nínú àlá náà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú iná.

Mo ń béèrè pé kí ẹ yọ ìlú àti kíláàsì rẹ̀ kúrò níbi gbogbo tí ẹ kọ wọ́n sí, lónìí, láìdúró de ìpàdé kankan. Kí ẹ kọ lẹ́tà sí Chinatsu fúnra rẹ̀, kí èèyàn kan fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó sì sọ fún un pé àlá rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ má sì tún béèrè àlá lọ́wọ́ ọmọ kankan mọ́ títí ẹ óò fi mọ ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí inú bá bí àwọn àgbà.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹ dá apá kọkànlélọ́gbọ̀n padà bí ẹ ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Rikako béèrè kó tó lọ bóyá àwọn méjèèjì lè jọ wò ó níbí, ní ilé ìgẹrun mi. Chinatsu ní ó dáa, kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti wá a títí lórí fóònù Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda, wọn kò rí i. Tuntun nìkan ló wà. Ọjọ́ Àìkú ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí mo ń retí èsì yín,

Shigeno Uozumi
Onígbàjámọ̀, ìyá ìyá Chinatsu.