Òwú Pupa Tí Mi Ò So

Bàbá mi àtàtà,

Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún yín láti bí oṣù mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ yìí. Mò ń fọwọ́ sí iṣẹ́ tí mi ò yẹ̀ wò. Wọ́n sì ti fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé ẹlòmíì lọ.

Ẹ ti fayé sílẹ̀ kí n tó ríṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọ́fíìsì kékeré kan ni, ní Okota, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn. A ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó fún wa, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ tú gbólóhùn náà sí ẹ̀ka bí igi, á fi hàn pé èyí so mọ́ èyí. Kò gbọ́ èdè o. Iye ìgbà tó ti rí irú ẹ̀ rí ló ń kà, èyí tó bá wọ́pọ̀ jù ló máa mú. Á wá kọ bó ṣe dá a lójú tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tiwa ni ká wò ó, ká fọwọ́ sí i tàbí ká tún un ṣe.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Ìwé mẹ́wàá náà ni mo ní. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo tún bí ogún ṣe. Ọ̀gá wa, ọmọ tí mo lè bí, rẹ́rìn-ín sí mi: "Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀rọ yẹn mọ nǹkan tó ń ṣe." Kò fi bú mi. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé látọjọ́ náà, tí mo bá ti rí i pé ó dá ẹ̀rọ lójú, mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Nígbà míì ọkàn mi á máa sọ pé rárá, ìka mi á ti tẹ̀ ẹ́.

Mi ò tètè mọ̀ pé èyí tí mo bá fọwọ́ sí, ẹ̀rọ á kà á mọ́ èyí tó ti rí. Tí mo bá gba àṣìṣe ẹ̀ lónìí, lọ́la á túbọ̀ dá a lójú. Èmi náà á rí i pé ó dá a lójú, màá tún tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tan ara wa.

Ìyá Tóbi ló jókòó tì mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń fún àwa méjèèjì, kí wọ́n lè fi tẹnìkan yẹ tẹnìkejì wò. Ìyá á kà á sókè, á dijú, á tún un kà. "Àbúrò mi, o ti ṣe ọgọ́rùn-ún, èmi ṣì wà lórí gbólóhùn ìyá àgbà tó ń yan gàrí. Ṣé ò ń kà á ṣá, àbí o kàn ń gbóòórùn ẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló pariwo jù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá kó iṣẹ́ wa jọ. Tèmi bá ti ẹ̀rọ mu, tìyá ò bá a mu. Fúráìdè ọ̀la ni wọ́n ní kí ìyá ṣiṣẹ́ mọ. Èmi ni wọ́n gbé àga tuntun fún.

Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀. Lánàá mo fẹsẹ̀ rìn dé Ṣógúnlé, mo yí padà, mi ò ra nǹkan kan. Mo ti ṣí mẹ́wàá wò nínú èyí tí mo ti fọwọ́ sí. Ìyá ló tọ̀nà nínú méje.

Ẹ̀yin ni mo ń rò. Nílé iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀ níjọ́sí, ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ aṣọ wò kó tó jáde. Ẹ á dijú, ẹ á fàtẹ́lẹwọ́ pa á lọ, ibi tó bá lábàwọ́n, ẹ á so òwú pupa mọ́ etí ẹ̀. Kódà yúnífọ́ọ̀mù iléèwé wa, ẹ ò ní jẹ́ ká wọ̀ ọ́ láìfọwọ́ pa á wò. Ẹ̀rọ ló hun ún, ọwọ́ yín ló ń dá a lẹ́jọ́. Ìwé mẹ́fà lẹ kà.

Ǹjẹ́ ẹ fi kan sílẹ̀ rí, kó kọjá? Ṣé ẹ máa ń kánjú tí àwọn ọ̀gá bá dúró lẹ́yìn yín? Mi ò bi yín rí. Ìgbà tí ẹ máa dé nìkan ni mo máa ń bèèrè.

Ẹ̀rù tó ń bà mí kọjá pé iṣẹ́ lè bọ́. Tí mo bá sọ ọ́, á dà bíi pé èmi fúnra mi jẹ́rìí pé mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń sá fún látijọ́ nìyẹn.

Lọ́la, kí ọ̀gá tó tan ẹ̀rọ, yóò bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Màá ní kó dá iṣẹ́ oṣù mẹ́rin padà fún mi, kó sì fi Ìyá Tóbi sílẹ̀ síbi tó wà. Màá gbé àga yẹn fún ìyá. Òwú yín ṣì wà nínú agolo abẹ́rẹ́ mi, màá mú un dání. Bí wọ́n ní kí n jókòó, bí wọ́n ní kí n máa lọ, màá kọ́kọ́ so ó mọ́ etí kọ̀ǹpútà mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń fẹ́ kí ẹ fọwọ́ pa yúnífọ́ọ̀mù òun wò.