Píìnì Tó Yẹ Kó Kán

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi Àlímọ̀t,

Mo kí yín o, mo kí Àlàájì, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara Màmá ti ń le, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀ díẹ̀. Atẹ́gùn ṣí páànù yàrá wọn, a ti kàn án padà.

Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní kí Dáfídì rà fún ọkọ̀ ojú omi mi, mo sọ fún yín pé ayédèrú ni, tí ẹ fi bá a jà. Irọ́ ni mo pa. Píìnì kékeré kan ló di abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi mú. Bí ọ̀rá bá ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, píìnì á kán, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, ọkọ̀ ò ní lọ. Nígbà tó sú mi, mo gé ìṣó líle, mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Lọ́jọ́ kejì ni mo kọlu igi gẹdú kan tó léfòó lójú omi. Ìṣó ò kán, jíà ló fọ́.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí: "Bàbá oníṣòó! Wọ́n ṣe píìnì yẹn kó lè kán ni, kí jíà má baà kú."

Ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa ni ṣọ́ọ̀bù Dáfídì wà, kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà jáde. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé, "Mọ̀núrù, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ." Màá kàn mirí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí, ẹ sọ fún un ohun tí mo ṣe. Ẹnu mi ò gbà á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àbúrò yín tún dójú tì yín.

Èmi, Mọ̀núrù.