Àmì Orí Ẹ̀wà

Ìfọ̀, Ọjọ́rú, oṣù Òkúdù, 1956

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ pátákó búkà mi lónìí. "Ẹ̀wà wà níbí" ni mo fẹ́ kọ. Mo gbàgbé àmì tí tíṣà wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ lálaalẹ́ ń pariwo rẹ̀, ló bá di "Ẹwà wà níbí".

Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan kígbe pé, "Ìyá Àgbà, ẹ bu ẹwà ṣíbí méjì fún ìyàwó mi nílé o!"

Ojú tì mí. Mo gbé omi láti nu pátákó náà. Bàbá Síkírù, oníbàárà mi kan, gba omi náà lọ́wọ́ mi, ó ní:

"Òótọ́ lẹ kọ, ìyá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ibí nìkan ni wọ́n ti ń bi mí bóyá mo yó."

Ẹni tí kò bá ṣubú kì í mọ ẹrù dì. Mo fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, mo kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, mo fi àmì sí i gàdàgbà: "Ẹ̀wà náà wà."