Ọmú Tí Ghaliya Fún Musid

Jibla, ilẹ̀ Yemen. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣaabani. Kùrukùru ti bo orí òkè láti ìdájí, òjò wẹẹrẹ ń rọ̀, atẹ́gùn kò sì jẹ́ kí fèrèsé sinmi.

Ìyá wa Ghaliya, ọdún méjì rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún méjì! Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá ti dún, a ó rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ̀ láti ilé ìkúnlẹ̀ kan.

Òrùlé tó ń jò ti di títúnṣe. Igi kọfí tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé ti so. Sadiq, ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo, ṣì ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Riyadh. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Najiba ni a fẹ́ rò fún yín jù, àkọ́bí yín tí ẹ kọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀bí.

Nígbà ayé yín, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ ń gun òkè lọ gbẹ̀bí, ẹnikẹ́ni kì í bi yín pé níbo. Ẹ lọ tán, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, bí a kò bá ṣì í, tí àṣẹ tuntun fi dé: obìnrin kankan kò gbọdọ̀ kọjá ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà láìsí mahram, ìyẹn ọkọ rẹ̀, tàbí ọkùnrin tó bá a tan débi pé kò lè fẹ́ ẹ láéláé. Bàbá wa ti kú. Sadiq kò sí nílé. Najiba kò lọ́kọ.

Àwọn oníbọn ibi àyẹ̀wò dá a padà. Ó tún lọ, wọ́n tún dá a padà! Ọ̀kan nínú àwọn oníbọn náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àgbẹ̀bí, ṣé ilẹ̀ lo ti hù ni, tí o kò lẹ́nìkan?" Lọ́jọ́ náà, aboyún kan lókè rọbí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yè, ọmọ rẹ̀ kò yè.

Láti ìgbà náà ni Najiba kò ti lè jókòó. Yóò gbé àpò iṣẹ́ yín, yóò gbé e kalẹ̀. Yóò lọ sójú fèrèsé, yóò padà.

Ni àwọn ọkùnrin bá gbìmọ̀. Sadiq bá àwọn àbúrò bàbá Musid, aládùúgbò wa tó ń wa ọkọ̀, sọ̀rọ̀ lórí fóònù: kí Musid fẹ́ Najiba, kó lè máa gbé e gòkè. Wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti ra àjàrà gbígbẹ fún àlejò ìgbéyàwó. Wọn kò bi obìnrin kankan léèrè! Ìgbà tí wọ́n ní kí Hamama, ìyá Musid, wá wo aṣọ ìyàwó ni ó tó gbọ́. Ó kígbe:

"Ẹ̀yin onírùngbọ̀n wọ̀nyí, ẹ fẹ́ kí ọmọ ìyá méjì fẹ́ra wọn! Nígbà tí ibà gbé mi dè lẹ́yìn ìbímọ, ta ló fún Musid lọ́mú títí ara mi fi yá? Ghaliya ni! Ọ̀tún fún Najiba, òsì fún Musid! Àwọn tó bá jọ mu ọmú kan náà, ẹ̀sìn wa ti sọ wọ́n di ọmọ ìyá!"

Musid fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìyá, ẹ ì bá ti sọ kí n tó lọ gẹrun."

"Ta ló bi mí léèrè?"

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Najiba ló kọ́kọ́ rí i: bí Musid kò bá lè fẹ́ òun láéláé, mahram òun nìyẹn!

Hamama àti Taqiyya, aládùúgbò tó rí i nígbà náà, jẹ́rìí níwájú Kádì, adájọ́ ẹ̀sìn. Kádì ní ẹ̀rí obìnrin ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀rọ̀ ọmú. Bó ti sọ ọ́ ni a ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

"Arákùnrin ọmú?" Oníbọn náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Musid àti Najiba dé ibi àyẹ̀wò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Musid wí. "Ẹ bi ìyá yín wò. Èmi àti ẹ̀yin náà lè jẹ́ ọmọ ìyá."

Wọ́n kọjá! Ìyá wa, ẹ ti lọ, ẹ sì tún ń sin ọmọ yín gòkè!

Ọkàn wa kò tíì balẹ̀. Bí òtútù bá mú Musid, ọ̀nà tún dí nìyẹn. Àṣẹ mìíràn lè dé lọ́la. Àárò yín ń sọ wá, ìfẹ́ yín kò sì dín kù lọ́kàn wa.

Àwọn tó péjọ síbi àdúrà tí a ṣe fún yín nínú ilé lónìí nìwọ̀nyí: Hamama, Taqiyya, àti Ibtihal, ọmọ yín kejì, tó kọ èyí. Najiba kò sí níbẹ̀. Musid kò sí níbẹ̀. Aboyún kan ń rọbí lókè, wọ́n sì ti lọ láti ìdájí.