Ojú Méjì Lára Fàdákà Kan

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbúròó mi. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn, mo kí Ràfíátù àbúrò mi tí kì í gbé fóònù mi. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka èyí. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ìbejì kà á.

Agége ò burú. Òjò ń rọ̀ bíi pé ó ń bínú sí wa, ilẹ̀ yàrá mi kì í gbẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà tí mo wá kọ́ ti mọ́ mi lára. Ọ̀gá mi, Àfáà Mùtíù, ti ń jẹ́ kí n dá fàdákà yọ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kéré, mo mọ̀. Ìdánìkanwà ló ń pa mí. Mo lè sùn kí n jí láìrí ẹni bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Màdáámù kan láti Omole ló gbé mẹ́dà fàdákà kan, àmì ẹ̀yẹ àwọn òyìnbó, wá. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ti dúdú. Nígbà tí mo fi eérú fọ̀ ọ́, orí ọmọ ọba òyìnbó méjì yọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ojú ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú èkejì. Ọ̀gá mi ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní Ìkẹjà tiẹ̀ bẹ màdáámù pé kó má jẹ́ ká yọ́ ọ. Màdáámù kọ̀ jálẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó di olóògbé ló ni ín, àwọn ọmọ màdáámù méjèèjì sì ń jà sí i. Ó ní ká fi ṣe òrùka méjì, kí ilé òun lè tòrò.

Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù wa ti bàjẹ́, ọ̀gá mi wá ní kí n máa gbé mẹ́dà náà sápò lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá onírẹsì tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ bu àwo méjì. Mo ní èmi nìkan ni. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní kí n sọ fún èkejì mi kó wọlé jókòó, kí ló dé tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wẹ̀yìn, n ò rẹ́nì kankan. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ gé irun mi tán, ó gbọn aṣọ, ó ní kí èkejì mi bọ́ sórí àga. Yéè! Mùráínà ni wọ́n ń pè mí níbí, Màámi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni mí.

Láti kékeré lẹ ti sọ fún mi pé Táyé wá iyọ̀ lọ, kò sì padà. N ò bi yín léèrè rí, a kì í béèrè. Ẹ̀rù bà mí, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n bu àwo kejì. Mo ń sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá, yàrá náà ò sì tutù mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá mi lọ kírun, màdáámù dé. Ó ní ká má po fàdákà náà pọ̀: ojú ẹ̀gbọ́n fún àkọ́bí òun, ojú àbúrò fún àbígbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ìbejì fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọmọ ìyá méjì. Ojú ló tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ fún un. Mo fi ayùn rẹ́ ẹ láàárín. Ojú ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yọ́. Ti àbúrò pẹ́ nínú iná, ó ń wò mí títí ó fi di omi.

Nígbà tí màdáámù gba òrùka rẹ̀ lọ, mo gba ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì lọ. Àwo kan ló bù. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èkejì mi ti lọ nìyẹn. Ìyá náà gbé àwo síwájú mi, ó pè mí ní Táyé, ó ní kí n jẹun. Ó wá bi mí pé Kẹ́hìndé dà.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè mí ní Mùráínà. Ọ̀gá mi pàápàá, Táyé ló ń pè mí, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè mí tipẹ́. Màámi, ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ̀yin nìkan lẹ dá wa mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lórí fóònù. Ẹ má tíì kí mi, ẹ má bi mí nípa iṣẹ́. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí n gbọ́ èyí tí mo máa dáhùn. Mo ti gbìyànjú láti pe ara mi, ẹnu mi ò gbé e.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni,
ọmọ yín.