Irin Tí Wáyàmán Fẹ́ Rì Mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bàbá mi, òòfà yín ti ń bọ̀. Mo fi àkísà wé e, mo dì í sínú agolo, kó má baà máa fa gbogbo irin inú ọkọ̀ mọ́ra. Mo fi lé awakọ̀ tó ń gba Àrámọ̀kọ̀ wá sí Ìwó lọ́wọ́, mo sì ti san tirẹ̀ fún un, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Òòfà náà ni mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ẹ ní kí n dá a padà, mo ti dá a padà. Ọrùn mi mọ́ wàyí, mo lè kúnlẹ̀ kí yín.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí ẹwìrì, ẹ kú òógùn ojú. Mo kí ìyá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Lásísì àti ìyàwó wọn, mo kí ẹ̀yin àgbà agboolé. Kí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín kà á sókè ní ojúde. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló dà pọ̀ mọ́ mi lójú.

Ara mi le, bí ẹ bá yọ ti òtútù kúrò. Òjò ibí kì í dá, ìkùukùu a sì ti òkè Ẹ̀fọ̀n wá jókòó lé wa lórí títí di ọ̀sán. Èdè wọn ti ń mọ́ mi lẹ́nu, mo ti ń pe ilé ní ulé. Inú mi dùn nígbà tí iná mànàmáná dé Ìkòrò, nítorí mo ti ṣírò rẹ̀: èédú ń wọ́n sí i, ẹta iná rẹ̀ a sì máa jó aṣọ oníbàárà, èmi ni n óò san án. Mo ta áyọ́ọ̀nù eléèédú mi, mo fi kún owó oníná.

Àṣé nǹkan náà ń gbéni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi òjò rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fọwọ́ kan ara áyọ́ọ̀nù náà, iná gbé mi, apá mi kú títí dé èjìká. Mo ké sí ẹni tó fa wáyà sílé wa. Ọmọ Ìjerò ni, Wáyàmán ni gbogbo wa ń pè é.

Ó tú ojú iná lára ògiri, ó fi wáyà mẹ́ta hàn mí. Ó ní pupa ni iná ń gbà wọlé, dúdú ló ń gbà padà, aláwọ̀ ewé sì ni ọ̀nà iná tó bá ṣìnà jáde sára irin. Mo bi í pé kí ló ń padà lọ ṣe níbi tó ti wá, nígbà tó jẹ́ pé mo ti sanwó rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn, tí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní wá rárá. Ẹ bá mi gbé e wò, Bàbá: àlejò tí kò ní wọlé àfi tó bá kọ́kọ́ rí ibi tí yóò gbà jáde.

Ó tún wé wáyà mọ́ ìṣó, ó fi ẹnu wáyà náà méjèèjì kan bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í fa abẹ́rẹ́ mi bíi òòfà yín. Ó gbé wáyà kúrò, gbogbo abẹ́rẹ́ já bọ́. Ó ní kí n lè mọ̀ pé ohun tí mi ò rí lágbára ni. Mo ṣì ń rò ó: òòfà wo ló ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀? Tiyín kò gbàgbé rí.

Ṣùgbọ́n wáyà aláwọ̀ ewé ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan. Wáyàmán ní àfi kí òun gbá irin gígùn wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí òun so ó mọ́ ọn, kí iná tó ṣìnà lè bá a wọlẹ̀ lọ. Iwájú ilé, àpáta ni. Ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló rọ̀ tó sì tutù, ibẹ̀ gan-an ni onílé mi sin bàbá tó bí wọn sí.

Onílé fárígá. Wọ́n ní ta ni yóò wá máa da iná lé bàbá àwọn lórí. Wọ́n ní nígbà ayé rẹ̀, bàbá náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbé àtùpà wọ yàrá tó bá ń sùn, àwa wáá fẹ́ fi mànàmáná jí i. Wáyàmán ní iná kì í dúró níbẹ̀, ilẹ̀ fẹ̀, yóò gbé e mì. Onílé bi í pé ṣé ó ti bá a wọlẹ̀ lọ rí.  

Mo ní kí n là wọ́n. Mo da omi inú àmù mi nù, mo bu yẹ̀pẹ̀ kún un, mo wọ́n omi sí i, mo ní kí Wáyàmán gbá irin rẹ̀ síbẹ̀, kí òkú máa sùn, kí alààyè máa lọ aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí. Ó ní Ìyá Aránṣọ, ilẹ̀ inú àmù kì í ṣe ilẹ̀. Mo bínú. Ṣebí tí a bá fẹ́ búra, erùpẹ̀ bíńtín la fi ń kan ahọ́n, ilẹ̀ sì ń gbọ́? Èwo ni ti èyí tó kún àmù tí iná lóun ò mọ̀ ní ilẹ̀?

Wáyàmán yọ fíúsì tí iná ń gbà kọjá, ó fi sápò, ó ní òun ò ní fọwọ́ òun pa mí. Onílé ní bí irin bá wọlẹ̀, kí n máa kó ẹrù mi. Bí áyọ́ọ̀nù ṣe tutù nìyẹn, tí aṣọ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé sílé ìwé sì wà nílẹ̀ ní rírún.

Ènìyàn rere ni onílé mi, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní ó rọ ará Ọ̀yọ́ bíi tèmi lọ́rùn láti gbá irin mọ́ ilẹ̀ Ìkòrò, nítorí òkú rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀. Mo wọ yàrá lọ jókòó. Òótọ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí bàbá tiyín tó ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ rì irin tí ẹ ń lu irin lé mọ́, tí òòlù ń dún, tí iná ń ta sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo kéré lọ́jọ́ tí ẹ rì í. Mo rí i tí ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo ròyìn rẹ̀ fún onílé.  Wọ́n ní kí n wá ọ̀rọ̀ náà wá, àwọn fúnra àwọn ni yóò kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má ṣàlàyé iná fún mi. Iná ti kọjá òye mi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohun tí ẹ sọ fún bàbá yín ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ̀ bóyá wọ́n fún yín lésì.

Kí ẹwìrì yín má kùnà èémí, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n lórí òòlù. Kí ìyá mi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn tó ń bi yín léèrè pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀.

Èmi ọmọ yín, Àṣàkẹ́ aránṣọ, Ìkòrò-Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Awakọ̀ tó gbé òòfà wá yóò sùn ní Ìwó kó tó padà, ẹ fi èsì lé e lọ́wọ́. Wáyàmán ń gbé irin rẹ̀ bọ̀, onílé sì ti ní àwọn ò ní jáde nílé títí ọ̀rọ̀ yín yóò fi dé. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń retí ọ̀rọ̀ yín.