Alájà Rekiat Àbẹ̀kẹ́ Ọdẹ́yẹmí (1956–2025), Agbẹ̀bí Tó Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀

Aṣọ funfun ni Alájà ń gé lọ́wọ́ nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2025. Ogún ni wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n gé mọ́kànlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó díẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́.

Ìsẹ́yìn ni a bí wọn sí ní 1956, nínú ìdílé Àlíù Àkànó, ahunṣọ. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Ní 1975 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú olóògbé Hussein Ọdẹ́yẹmí, awakọ̀ epo ní Kirikiri. Lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Regina ní Boundary ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Ohun tí kò bá yé wọn, wọ́n á tú u wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá palẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Wọn kì í pa Àsáláátù jẹ.

Ní 2010, nígbà tí Tinú, àkọ́bí wọn, ń rọbí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ańkárá dúdú ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, bí gbogbo wa ti ń ṣe ládùúgbò, kí ìdọ̀tí má baà hàn. Ẹ̀jẹ̀ náà kò hàn. Alájà fojú wò ó, wọ́n ní kò pọ̀. Ìjọrà ni ẹ̀mí ti bọ́ lára Tinú, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọn kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́.

Láti ìgbà náà, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin tó bá ń bímọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n ní tútù; ìwọ̀n tó bá fi lé, ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn aládùúgbò ń ṣẹ̀fẹ̀ pé Alájà ti di ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Èsì wọn kò yí padà: "Ojú máa ń purọ́. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n."

Láti 2017 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ogun Borno lé dé Èkó, lọ́fẹ̀ẹ́. Lubabah ló gbẹ̀yìn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí nínú igbó, nígbà tí wọ́n ń sá. Tí Lubabah bá ti rí ẹ̀jẹ̀, yóò sá jáde. Ohun tó ń ká Alájà lára títí dọjọ́ ikú nìyẹn: ṣé ọmọ yìí á lè dá dúró?

Wọ́n fi Yasir àti Hussainat sílẹ̀ lọ́mọ, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún, pẹ̀lú Tèmítọ́lá, ọmọ tí Tinú bí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́.

Lubabah ló gé aṣọ mẹ́sàn-án tó kù. Ní ọjọ́ kẹfà ọ̀fọ̀, ó dá gbẹ̀bí obìnrin kan ní Boundary. Ó wọn aṣọ náà. Ẹ̀jẹ̀ náà ti lé ní ààbọ̀ kílò, ó ti di ewu. Kò sá. Ó gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ń fọwọ́ ra á níkùn kí ilé ọmọ lè sún kì, títí tí ọkọ̀ fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ náà wà láyé.

Àbẹ̀kẹ́, ogún ti pé. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn ìrọ̀rùn fún yín.